Lẹ́tà sí Màámi Ìtòkú, nítorí ẹsẹ̀ yín

Màámi mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sinmi, ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu. Túsìdeè tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan ní Leeds níbí ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó fi ìka méjì mú awọ ẹ̀yìn ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi, èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, ó fà á sókè, awọ yẹn sì dìde wẹ́rẹ́. Ó ní omi kọ́ ló kún ẹsẹ̀ yìí. Ló bá tẹ itan mi, kò tíì tẹ̀ ẹ́ dénú tí mo ti pariwo. Ó wá bi mí pé ta ló tún ní irú ẹsẹ̀ yìí nílé wa. Màámi, ńṣe ni mo bú sẹ́kún níwájú òyìnbó.

Lipedema ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rá ni, àmọ́ kì í ṣe ti àjẹjù, àwa obìnrin ló sì ń bá jà jù, bí ọmọ bá ń bàlágà ló sábà máa ń yọjú, tàbí nínú oyún, tàbí nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dá, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹsẹ̀ méjèèjì á tóbi bákan náà láti ìdí wálẹ̀, tó bá wá dé ọrùn ẹsẹ̀ á dúró gbọnin bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà tó ń fi hàn o, ojú ni wọ́n fi ń wò ó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹnu ni wọ́n fi ń bèèrè.

Ẹ rántí bàtà yín? Bàtà ọmọdé! Gbogbo Ìtòkú ń sọ pé jàbùtẹ̀ ni, àwọn kan ní ẹ tẹ nǹkan ní oríta, bẹ́ẹ̀ jàbùtẹ̀ tí ẹ̀fọn ń fà kì í sábà dá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ sí, ẹsẹ̀ kan á sì máa tóbi ju èkejì. Ẹnì kankan ò wolẹ̀ wo bàtà yín. Dókítà méjì ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan l'Amẹ́ríkà, ti kọ nípa lipedema yìí láti 1940, wọn ò tíì bí yín.

Àmọ́ ìgbátí yẹn ni mo bá wá. Ọmọ ọdún méje ni mí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, mo sáré wọlé mo fò lé yín lẹ́sẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń ká àdìrẹ. Ẹ fọ́ mi létí níwájú àwọn oníbàárà, aró ọwọ́ yín ya sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ náà mi ò gun ẹsẹ̀ yín mọ́, mo ní ẹ ò fẹ́ràn mi. Nígbà tẹ́ ẹ kú mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè wálé. Irọ́ ni, ìgbátí yẹn ni. Kí ló dé tẹ́ ò lè sọ pé ó ń dùn yín? Ẹnu tó ń ná ọjà látàárọ̀ dalẹ́!

Ọdún mẹ́sàn-án ni dókítà tèmi fi ń sọ pé kí n dín oúnjẹ kù. Mo fi ẹ̀bà sílẹ̀, ojú mi jìn, ọrùn mi yọ eegun, ìdí ò gbọ́. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ gbá bẹ́ẹ̀dì pẹ́nrẹ́n, ojú ibẹ̀ á dúdú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Báyìí mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pinpin, kí n tó wọ̀ ọ́ tán láàárọ̀ mo ti làágùn. Wọ́n ní kí n máa lúwẹ̀ẹ́, ta ló fẹ́ bọ́ra síbẹ̀? Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá yẹn wà, owó ẹ̀ ò sí, bàbá ọmọ mi sì ní àṣejù ni.

Ọmọ mi ti pé méjìlá. Ṣòkòtò tó bá bá a mu níbàdí, kì í gba itan ẹ̀ mọ́. Lánàá ó fẹ́ gbórí lé mi lẹ́sẹ̀ nídìí tẹlifíṣàn, kí n tó mọ̀ mo ti tì í dànù. Ó wò mí bí mo ṣe wò yín lọ́jọ́sí. Mo pè é padà, mo ká ìró sókè, mo fi ojú ibi tó dúdú hàn án, mo sọ ìtàn yín fún un. Ó ní òun fẹ́ rí ẹsẹ̀ yín. Mo tú gbogbo fọ́tò tó wà nílé. Nínú gbogbo ẹ̀ pátá, ẹ jókòó, ìró yín gbálẹ̀.