Àjọkẹ́, Ẹ Má Yọ Àwọn Obìnrin Sàbó Kúrò

Ṣágámù

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo pè ọ́ títí lánàá, o kò gbé e. Ewúrẹ́ ti bí méjì, àbúrò rẹ ti san owó WAEC. Mo gbọ́ lọ́jà pé ìgbìmọ̀ yín ti yọ àwọn obìnrin Sàbó kúrò nínú ọjọ́ ìrántí àwọn obìnrin Ṣágámù. Ṣé òótọ́ ni?

Mo rí i pé Màmá H.I.D. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ (1915–2015), lẹ fi síwájú. Ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n obì ló kó àwọn Haúsá wá sọ́dọ̀ wa. Obìnrin wa ń bó o, àwọn Haúsá ń rà á lọ sókè Ọya, obìnrin Sàbó sì ń se oúnjẹ tà fún èrò. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ ìtàn kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀?

Bí ẹ bá fẹ́ ṣàfihàn iṣẹ́ obì, ẹ má kàn gbé àwo gbànja kalẹ̀ fún fọ́tò. Ẹ wá èyí tó ṣì wà nínú èèpo, ẹ fọ́ ọ, ẹ rẹ ọmọ inú rẹ̀ sómi di ọjọ́ kejì kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, kí ẹ wá bó o, kí ẹ ṣàn án. Ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ ro dáadáa kí ẹ tó kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi ewé tútù tẹ́. Bí omi bá kù lára rẹ̀, á bu. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ lórí rẹ̀, á hunjọ. Ẹ ṣa èyí tí kòkòrò lu sọ́tọ̀, torí ó lè ran ìyókù inú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é ni kó ṣàlàyé, kì í ṣe alága ìgbìmọ̀.

Tí ẹ bá ń gba ohùn àwọn ìyá sílẹ̀, ẹ béèrè orúkọ àbísọ wọn, oríkì wọn, àti ilé bàbá wọn. “Ìyá Táíwò” kò tó. Orúkọ ọmọ nìkan la kọ sórí sàréè ìyá mi, ó sì ń dùn mí di òní.

Ní Sàbó, ẹ kọ́kọ́ kí Séríkí Haúsá. Obìnrin ni kó ṣe ògbufọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé níbẹ̀ kì í jókòó ti ọkùnrin àjèjì. Ẹ sọ ibi tí ohùn wọn ń lọ kí ẹ tó tẹ fóònù. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ dáadáa ni ọ́, Àjọkẹ́, ṣùgbọ́n o máa ń gbà fún ẹni tó bá pariwo jù. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ní oṣù keje 1999, wọ́n pa obìnrin Haúsá kan níbí, wọ́n ní ó jáde lásìkò Orò. Ìjà bẹ́, ẹ̀mí ṣòfò, ó ràn dé Kánò. Obìnrin ni. Ọjọ́ obìnrin wo la fẹ́ ṣe tí a ò ní lè dárúkọ ikú rẹ̀? Ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún àwọn àgbà Orò àti Séríkí ṣáájú, kó má bá wọn lójijì, kí ẹ sì rí i pé ọjọ́ yín kò bọ́ sí àsìkò Orò.

Bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀ jálẹ̀, jẹ́ kí n mọ̀ kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè, kí n lè bá Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ