Àkànní, kí ni oríkì ọmọ náà?

Àkànní ọkọ mi,

Mo rí mẹ́sèèjì tó o fi sórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo kà á tán mo tún un kà, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun mọ́, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó o mú ẹnì kan wálé. Mo wo fọ́tò ọmọ náà dáadáa. Ojú ẹ̀ tutù, ó jọ ọmọ tí wọ́n tọ́. Àmọ́ nígbà tí mo pè ẹ́ tí mo ní kí ni oríkì ẹ̀, o ní "màámi, mi ò mọ̀ o, mi ò bi í rí". Oṣù mẹ́rin lẹ ti ń bára yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lálẹ́, o mọ tíìmù bọ́ọ̀lù tó ń tì lẹ́yìn, o mọ fíìmù tó fẹ́ràn, o ò mọ oríkì ẹ̀, o sì ní ká wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́sẹ̀ méjì òní. Ohun tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Ó máa gùn o, má sáré kà á nínú mọ́tò, dúró dìgbà tó o bá délé.

Ṣé o rántí ìgbà tá a mú ẹ lọ sí Adó-Àwáyè, nígbà tó o ṣì wà ní pámárì? O ní dandan o fẹ́ gun òkè. Àtẹ̀gùn 369 ló wà níbẹ̀, o ò tíì dé ìdajì tó o ti jókòó tó ò ń sunkún pé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́, bàbá ẹ ló pọ̀n ẹ́ dókè tá a fi rí adágún Ìyáàkẹ́, tá a tún dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-kan-ayé-ẹsẹ̀-kan-ọ̀run, mo di ọwọ́ ẹ mú gírígírí, àyà mi ń já. Orí òkè yẹn làwọn baba ńlá mi gbé nítorí ogun kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa pé láyé àwọn tó gbé òkè, ẹni tó bá ń bọ̀ wá fẹ́ ọmọ wọn, òkèèrè ni wọ́n ti ń rí i. Wọ́n á ti mọ̀ bóyá ó ń mí hẹlẹ, bóyá ó dúró bá arúgbó tó ru igi gbé ẹrù ẹ̀ tàbí ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, kó tó ní "ẹ kú ilé o", ilé ti mọ irú èèyàn tó jẹ́. Àkànní, ohùn ẹ dùn lórí fóònù, mo mọ̀, èmi ni mo bí ẹ, àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ ohùn lórí fóònù ò rí ẹ bó o ṣe ń gòkè bọ̀. Jẹ́ kí wọ́n rí ẹ.

Bàbá ẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, wọn ò sọ "ai lọ́fù yù" fún mi rí títí wọ́n fi lọ. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti ń wá, kìlómítà bí 20, orí kẹ̀kẹ́, inú eruku. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi lójú ọjà, wọ́n á ra ẹ̀kọ, bó sì jẹ́ pé wọ́n ti yó wọ́n á tún rà á. Èmi? Wọn kì í wojú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni alárinà, òun ló wá bá mi lọ́jọ́ kan tó kó nǹkan sí mi lọ́wọ́ nínú áńkáṣíìfù, mo tú u, mo bá owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n fi òwú sín pọ̀. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ó ní àrokò ni, àwọn bàbá wa ló ń ṣe é nígbà tí ìwé ò tíì dé, ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ẹ, tí obìnrin náà bá fẹ́, ẹyọ mẹ́jọ ló máa dá padà, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Tí kò bá fẹ́, kó dákẹ́, ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Wo bí wọ́n ṣe gbọ́n tó! Kò sí ariwo, kò sí pé wọ́n já ẹnì kan kulẹ̀ níta gbangba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́ abẹ́ ẹní kí n tó lọ bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n fún mi ní owó ẹyọ mẹ́jọ, ńṣe ni wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àṣé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣì wà nínú àpótí bàbá ẹ, tó o bá wálé màá fi hàn ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá ẹ wá hun gèlè ẹtù kan fún mi. Aṣọ òfì ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ bó ṣe ń jáde, ìgbà tó bá tó ni wọ́n á tó rán an pọ̀, ọmọṣẹ́ sì ni wọ́n nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ń ṣe lójú mọmọ, alẹ́ ni wọ́n ń hun tèmi pẹ̀lú àtùpà. Mi ò ní kó o lọ kọ́ aṣọ híhun o. Ohun tí mò ń sọ ni pé dátà tó ò ń rà fún un àti ṣawámà tó ò ń fi ránṣẹ́ dáa, àmọ́ owó ló ṣe wọ́n. Wá nǹkan tí ọwọ́ ẹ máa ṣe fún un, tó máa gbà ẹ́ ní àsìkò.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwádìí, ibí yìí gan-an ni kó o ti fara balẹ̀. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò ní ọmọ kankan láyé, àmọ́ mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ rí. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ gbé mọ́tò wá, ó ná owó, ojú bàbá mi ṣí, wọn ò ṣèwádìí, láàárín oṣù méjì wọ́n ti gbé ìyàwó. Àwọn ọmọ náà ń sunkún eegun lóru, ọwọ́ á wú, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni fi àtalẹ̀ kùn ún, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí wọn lára, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ìgbà tó ti pẹ́ kọjá ni nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ AS, ti ọkọ ẹ̀ AS, pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni ọmọ lè fi jẹ́ SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún lọ́jọ́ náà, ó kàn ń ka orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà AS ni, pépà ẹ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ lọ ṣe jínótáìpù lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe lẹ́yìn tá a bá ti gbé ẹ̀bùn lọ, ẹ ṣe é ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń wò, wárápá, wèrè, olè, gbèsè, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn náà á wádìí wa, má bínú. Tí wọ́n bá bi ẹ́ nípa bàbá àgbà ẹ tó máa ń mutí, sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oríkì. Bàbá ẹ ò pe orúkọ mi rí. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí, láàárọ̀ kùtù tí wọ́n bá ti jí, Àbẹ̀kẹ́, ṣé o jí're? Tí mo bá bínú, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á máa pè é jẹ́jẹ́ títí n ó fi dáhùn. Gbọ́ àwọn orúkọ náà dáadáa, Àbẹ̀kẹ́, ẹni tá a bẹ̀ ká lè kẹ́, Àjọkẹ́, ẹni tá a pawọ́ pọ̀ kẹ́, Àṣàkẹ́, ẹni tá a ṣà kẹ́, Àyìnkẹ́, ẹni tá a yìn ká tó kẹ́. Ilé tí wọ́n ti sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀ ti sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọkọ máa ṣe é, iṣẹ́ ti wà nínú orúkọ. Láti ìgbà tí bàbá ẹ ti lọ, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Màámi ni, ìyá Àkànní ni, mọ́mì ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo lè wà nínú ilé odidi ọ̀sẹ̀ kan kí n má gbọ́ ọ.

Nǹkan kan tún wà, ẹkún ìyàwó. Nígbà tèmi, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ káàkiri ilé ẹbí, mò ń sun ún títí ohùn mi fi há. Ọ̀pọ̀ ò sun ún mọ́ báyìí, wọ́n á ní kí alága bá wọn ṣe é nínú gbọ̀ngàn, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ibẹ̀ nìkan ni ọmọbìnrin ti lè sọ ọ́ síta gbangba pé ẹ̀rù ilé ọkọ ń ba òun, pé bóun ò bá tètè bímọ ńkọ́, pé ta ló máa gba òun sílẹ̀, bàbá ẹ̀ á wá fọwọ́ lé e lórí, á súre. Tó bá jẹ́ pé ọmọ tìẹ ò ní sun ẹkún ìyàwó, bi í fúnra ẹ, bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, kó o dákẹ́ kó sọ ọ́ tán. Má sọ pé kò sí wàhálà.

Nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì ò ṣeé ṣe. Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Tíyẹn bá ti dáa, ìwọ nìkan ni kó o kọ́kọ́ lọ kí bàbá àti ìyá ẹ̀, má kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn, má yá mọ́tò ẹlòmíì, dọ̀bálẹ̀ kó o sùn sílẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó o dìde. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ kan wà lóko tàbí nílé, bọ́ ẹ̀wù, ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ló máa kó wa lọ fún ìtọrọ, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Lísìtì ìdána máa wá, obì, orógbó, atáàre, oyin, iyọ̀, má bá wọn ná an lórí fóònù bí ẹni ra tòmátò, àdúrà ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ṣe fún un yín. Má sì yáwó nítorí pátì, mo bẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ òní, pè é, kó o bi í léèrè oríkì ẹ̀. Bi í pé ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ló máa ń fi pè é nígbà tó wà ní kékeré. Lẹ́yìn náà kó o fi fóísì nóòtù ránṣẹ́ sí mi, kí n gbọ́ bó o ṣe ń pè é, kí n lè mọ ohun tí n ó máa pe ìyàwó mi tó bá wọlé.

Èmi ni màámi ẹ,
Àbẹ̀kẹ́