Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi ní Kétu lórí Ọ̀rọ̀ Yábàá

Èbúté Mẹ́ta, Èkó

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú Ìyá. Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní owó oṣù méjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí obìnrin aláṣọ yẹn gbé dé ọ̀dọ̀ yín ní Kétu ilẹ̀ Benin, pé mo ti ya wèrè, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé gbèsè ṣeé san lọ́la, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti pè ní wèrè nílé, ó máa ń pẹ́ kí orúkọ náà tó kúrò lára rẹ̀.

Obìnrin náà kò purọ́. Lóòótọ́ ló rí mi tí mo ń jáde ní géètì ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá. Ìtumọ̀ tó fún ohun tó rí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Orí mi pé, mo sì wà ní ìsọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo ń jí, kí n lè wọ dáńfó kí Ìdúmọ̀tà tó dí, mo sì ń padà wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, owó ọkọ̀ gbówó lórí, iye sẹ́fà, owó tí ẹ ń ná lọ́dọ̀ yín, tí náírà mi ń rà fún yín kò sì tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lórí ẹní ni mo ti ń ṣírò gbogbo rẹ̀ títí di ààjìn. Lọ́jọ́ kan, lórí afárá Carter, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò rí èémí fà dáadáa, mo sì gbà pé ikú ló dé. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ yẹ ọkàn mi wò, wọn kò rí àrùn kankan níbẹ̀. Dókítà wá béèrè wákàtí mélòó ni mo ń sùn. Mo ní mẹ́ta. Òun ló kọ̀wé sí Yábàá.

Bí ajá bá lé ènìyàn, ara á tú omi kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline jáde láti orí kíndìnrín. Ọkàn á yára, iṣan á le, onítọ̀hún á lè sáré. Nígbà tí ajá bá padà, ara á rọlẹ̀. Owó ilé kì í padà lẹ́yìn ẹni, Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí náà ni ara mi ṣe ń sáré lórí ìjókòó dáńfó. Másùnmáwo ni, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ohun tó ń fi oorun ẹni ṣe.

Láti 1907 ni ilé ìwòsàn náà ti wà, nígbà tí ó jẹ́ ibi tí wọ́n ń há aláìsàn mọ́, ohun tí ẹ sì gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò dè mí. Nọ́ọ̀sì kan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kí n dín kọfí kù, kí n máa fa èémí sínú díẹ̀díẹ̀ kí n sì jẹ́ kó pẹ́ kó tó jáde, kí n sì máa pa fóònù ní aago mẹ́wàá. Aago mọ́kànlá ni ẹ máa ń pè. Kì í ṣe ìgbéraga ni n kò fi gbé e.

Wọ́n ní ẹ ti fún onísègùn ní 40,000 sẹ́fà nítorí orí mi. Ta ló rán yín? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ ní kò sí owó oògùn Ìyá nílé? Mo tún wí i pé ara mi le. Ẹ̀yin ńkọ́, tí ẹ̀fọ́rí kò jẹ́ kí ẹ gbádùn láti ìgbà tí oko ti jóná, tí ẹ ń bínú sí ọmọdé lórí omi tó dà sílẹ̀, ìgbà wo lẹ sùn di òwúrọ̀ kẹ́yìn?

Awakọ̀ tó ń ná Kétu yóò gbé owó oṣù kan wá lọ́jọ́ Ẹtì. Èkejì di ìparí oṣù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù fún Ìyá kí n bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi, kí ẹ má sì dúró tì í.

Àbúrò yín ní Èkó