Kí ẹ tó ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Èkó, ẹ wo ilẹ̀ tí yóò dúró lé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, owó tí wọ́n ń gbà láti gbé ẹrù ti ga ju agbára ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ. Ó ti wá di ìbéèrè lẹ́nu àwọn kan ní Agége, Ìpájà àti Àyọ̀bọ́ bóyá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè bá àwọn ru omi, bulọ́ọ̀kù àti ẹrù ọjà dípò kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Ìdáhùn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ni kò pé. "Kì í jẹun púpọ̀, kì í ṣàìsàn," ni wọ́n máa ń wí. Òótọ́ ni àkọ́kọ́. Èkejì kì í ṣe òótọ́ rárá ní Èkó, ohun tó sì mú kí àwa tí a ń tọ́jú ẹran kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya kì í sábà ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ ní èjìká, ìwúwo rẹ̀ sì máa ń wà láàárín kìlógíráàmù 120 sí 150. Kìlógíráàmù 2 sí 3 oúnjẹ gbígbẹ ló ń jẹ lóòjọ́, oúnjẹ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ aládùn: pòròpórò àgbàdo, pòròpórò ọkà bàbà, koríko gbígbẹ, pẹ̀lú ewé ẹ̀pà díẹ̀. Ohun tí ẹṣin fi imú tì sẹ́yìn, òun á jẹ ẹ́ tán. Tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọgbọ̀n ọdún láyé, kó sì fi ogún ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó máa ń mọ ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹni tó ń dà á kò ní máa fa ìjánu mọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà kò ṣòfò, nítorí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Badagry ní Ọ̀jọ́ ń fẹ́ irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹrù, ìṣirò ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe àfojúdá. Ohun tí ó lè rù lẹ́yìn kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹran oníkìlógíráàmù 130 lè ru kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 20 méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo, kìlógíráàmù 50, ti pọ̀ jù fún ẹ̀yìn rẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ ẹrù ni agbára rẹ̀ wà. Lórí títì tó tẹ́jú, pẹ̀lú táyà tí afẹ́fẹ́ kún dáadáa, ó lè fa nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà wà lára iye yẹn. Bí kẹ̀kẹ́ bá wúwo tó kìlógíráàmù 90, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlá ló kù tí ẹ lè kó sínú rẹ̀. Lórí iyanrìn tàbí nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ gé e sí ìdajì.

Ẹ má fi àjàgà màlúù sí i lọ́rùn. Màlúù ní iké tí àjàgà ń tì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ní. Egúngún ni igi náà máa ń họ lára rẹ̀ títí yóò fi di egbò. Àyà ló fi ń fa ẹrù. Awọ tàbí bẹ́líìtì tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin ni kí ó gba àyà rẹ̀ kọjá, kó wà lókè oríkèé èjìká, kó má sì ga dé ọ̀nà ọ̀fun, torí pé kò ní jẹ́ kó lè mí. Kí okùn ìdí tún wà lẹ́yìn itan, èyí tí ẹran fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró nígbà tí ọ̀nà bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá ní in á máa sáré kọlu ẹran lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Orí irin táyà gan-an ni kí ẹrù jókòó sí. Bó bá tẹ̀ síwájú jù, ọ̀pá á máa tẹ ẹ̀yìn ẹran náà. Bó bá lọ sẹ́yìn jù, okùn abẹ́ ikùn á máa gbé e sókè.

Wàyí o, omi ni ìṣòro wa ní Èkó. Ilẹ̀ gbígbẹ ìhà àríwá ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ìran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ṣẹ̀ wá, orí òkúta àti ilẹ̀ líle sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Irun ara rẹ̀ kò ní òróró tó ti ẹṣin. Òjò kì í yọ̀ dànù lára rẹ̀, ṣe ló ń rin ín dé awọ, òtútù á sì mú un kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹran yìí la fẹ́ mú wá síbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, tí yóò dáwọ́ dúró díẹ̀, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án.

Pátákò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó máa ń fa omi bíi kànrìnkàn. Tó bá dúró nínú ẹrọ̀fọ̀ lójoojúmọ́, ó máa rọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ á wọ inú ìlà funfun tó so èèpo pátákò pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kòkòrò àìfojúrí á sì bá a wọlé. Láti òkè, kò sí ohun tí ẹ ó rí, pátákò ṣì ń dán. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè: ìlà tó yẹ kó funfun ti dúdú, ó ń rún lábẹ́ èékánná bí èédú tútù, òórùn rẹ̀ á sì ti gba imú kí ọwọ́ tó kàn án. Bí ọyún bá gbára jọ síbẹ̀, ẹran á dá ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì ní tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé dènà. Lójoojúmọ́, ẹ fi irin kíkọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú họ ìdọ̀tí abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti gìgísẹ̀ lọ síwájú, kí irin má baà gún ibi tó rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n gé kó wá gé pátákò, kó fi fáìlì tẹ́ ẹ. Èyí tí wọn kò bá gé á ká bí ìwo àgbò, ẹran á máa fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó ń gé pátákò ẹṣin ní etíkun àti ní pápá pólò Ìkòyí lè bá yín ṣe é, àmọ́ ẹ rán wọn létí pé pátákò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró gangan ju ti ẹṣin lọ. Ẹni tó bá gé e tẹ́ bíi ti ẹṣin ti ba ìrìn rẹ̀ jẹ́.

Ibùso rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó sí, kí ẹ tó náwó sórí ẹran. Mítà mẹ́ta sí mítà mẹ́ta tó fún méjì. Ẹ gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ju àgbàlá lọ, ẹ fi ilẹ̀ pupa kún un, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀, kí ẹ sì da kọnkéré tí kò dán lé e, kó dà sẹ́yìn díẹ̀ kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde. Kí ògiri wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí páànù yọ síta dáadáa. Èérún igi láti ilé ìlapákó, kó nípọn tó íǹṣì mẹ́rin, ni kí ó máa sùn lé. Ẹ máa kó èyí tó tutù dànù láràárọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó máa jẹko nínú ọgbà, ó kéré tán, ìdajì éékà ni wọ́n ń dá lábàá fún méjì. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi plọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ọgọ́ta sí ọgọ́fà ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí omi ń wọ ilé rẹ̀ lọ́dọọdún kò níbi tí yóò fi í sí.

Méjì ni a ń wí, a kò ṣèèṣì sọ ọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í dá gbé. Bí ẹ bá ya òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó ti mọ́ lára nípá, ó lè kọ oúnjẹ. Àìjẹun náà ni ikú rẹ̀, pàápàá tó bá sanra: ọ̀rá ara rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, omi orí ẹ̀jẹ̀ náà á funfun bíi mílíìkì, ẹ̀dọ̀ á dákú, ẹran á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó tún mú kí ó le ni pé kì í fi ìrora hàn. Ẹṣin tí inú ń run á yí gbirigbiri nílẹ̀; kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á kàn dúró jẹ́ẹ́, á sọ orí kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ó ń sinmi. Bí kò bá jẹun láàárọ̀, ẹ má dúró di alẹ́, ẹ pe dókítà ẹran.

Àánú tí kò nímọ̀ tún máa ń pa á. Ẹ má fún un ní oúnjẹ adìyẹ láéláé. Oògùn kan wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní monensin, èyí tí wọ́n fi ń dènà ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Kò ṣe adìyẹ ní nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀ rẹ̀ tó láti ba ọkàn ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Ẹ sá a gbẹ dáadáa kí ó tó jẹ ẹ́, kí ó sì jẹ́ díẹ̀. Búrẹ́dì àti èbà àjẹkù á mú un sanra títí pátákò á fi máa gbóná. Koríko etí gọ́tà, tí ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà kún inú rẹ̀, á dí i ní ìfun. Omi mímọ́ lítà 15 sí 25 ni kí ó rí lóòjọ́, nínú garawa tí ẹ fọ̀. Bí omi bá ń rùn, yóò fi òùngbẹ dúró tì í.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì fún un, ìṣó pọ̀ lójú títì wa. Bó bá ń rù láìnídìí, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí erìgì ẹnu rẹ̀ ń funfun, àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran lè ti wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn màlúù gún un ní ìwọ̀n màlúù. Akọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá máa ń buni jẹ, ẹ má rà á sí àgbàlá tí ọmọdé wà. Igbe rẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe kékeré, a lè gbọ́ ọ láti kìlómítà mélòó kan. Ilé fési-mi-n-fési-ẹ ní Múṣin kọ́ ni ibi rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá àwọn wolé-wolé káńsù yín náà sọ̀rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé òun fẹ́ ra awọ rẹ̀, ẹ má gbà. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ń kó o lọ láti sè é fún oògùn, òfin Nàìjíríà kò sì gba kíkó awọ tútù jáde. Lóṣù kejì ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà pẹ̀lú fòfin de pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ fún ọdún 15.

Ẹni tó bá ti gbọ́ gbogbo èyí, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, kí ó ra èyí tó ti lé ní ọdún mẹ́rin, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní egbò, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń balẹ̀ ní déédéé nígbà tí wọ́n bá mú un rìn lórí ilẹ̀ líle. Ìrìn àjò láti Òkè Ọya máa ń tán an lókun. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kí ó fi sinmi, kó jẹ pòròpórò, kó mu omi, kí ẹnikẹ́ni tó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Oṣù kọkànlá ló dára jù láti rà á, kí ara rẹ̀ ti mọlé, kí ibùso rẹ̀ sì ti gbẹ pátápátá kí òjò oṣù kẹrin tó dé.

Àwa olùtọ́jú ẹran,
Agége, Èkó.