Lẹ́tà tí ilé-ìwé Ayọ̀mídé kọ sí ọ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, pé ilé-ìwé kọ̀wé sí ọ pé Ayọ̀mídé ti sanra jù. Má bá ilé-ìwé jà, wọn ò bú ọmọ rẹ. Láti nǹkan bí ọdún 2006 ni wọ́n ti ń wọn gíga àti ìwúwo àwọn ọmọ ní England, ní Reception (ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún) àti ní Year 6 (ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kànlá). Bí wọ́n ṣe ń wọ Reception, bíi 1 nínú 10 ló ti sanra dé ibi tó lè dàìsàn. Tí wọ́n bá fi dé Year 6, ó ti lé ní 1 nínú 5. Ní àdúgbò àwọn aláìní, iye wọn ju ìlọ́po méjì ti àdúgbò olówó lọ.

Níbí, òdìkejì ni. Nígbà tí mo ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ọmọ tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé lọ sílé-ìwé aládàáni, tí bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kún báàgì rẹ̀, lara rẹ̀ máa ń kún. Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Òjé, níbo lọ̀rá ti fẹ́ bá a? Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ rẹ fi ń yin Ayọ̀mídé pé owó wà nílé yín. Bójú wọn ṣe rí i láti kékeré nìyẹn.

Ní London, oúnjẹ tówó rẹ̀ kéré ló ń mú àwọn ọmọ sanra. Ìwọ ń ṣiṣẹ́ òru, ọkọ rẹ ń wa bọ́ọ̀sì, ilé yín ò ní àgbàlá, ṣọ́ọ̀bù adìẹ díndín sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ọ̀kánjúwà kọ́ ló ń ṣọmọ náà. Wọ́n ní ọmọ adúláwọ̀ pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó sanra jù. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni di gbogbo rẹ̀ ru ẹ̀jẹ̀ wa. Àwọn ta ló kún àdúgbò àwọn aláìní wọ̀nyẹn?

Má febi pa á o. Ọmọ tó ṣì ń ga kì í sábà nílò kó fọn. Tí ìwúwo rẹ̀ bá dúró, gíga á bá a. Má ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò wọlé mọ́, omi ni kó máa mu. Oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní London láti September 2023, jẹ́ kó máa jẹ ẹ́, kó má tún jẹ adìẹ díndín lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bà tí mo rí níwájú rẹ̀ nínú fídíò, ìwọ̀n ti ọkọ rẹ ni. Táblẹ́ẹ̀tì tó fi ń ṣeré náà, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sùn.

Kílọ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n yéé pè é ní orobo. Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, mo ń lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá rẹ