Àyìnkẹ́, má tíì sanwó ilé Munich yẹn

Kubwa, Abuja

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ó dára tí o fi àwòrán ilé náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó san kọ́bọ̀. Mo ti wò ó. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, fèrèsé rẹ̀ tóbi, igi wà níwájú. Iye tí wọ́n bù lé e ló kọ́kọ́ kọ mí lóminú, torí Munich ni owó ilé ti wọ́n jù ní gbogbo Jámánì, ilé tó dára tó báyìí kò sì lè wà ní ọ̀pọ̀ báyìí. Mo wá ka ohun tí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní onílé kọ sí ọ: iṣẹ́ gbé òun lọ sí Sípéènì, òun ò ráyè wá ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, kí o fi owó oṣù méjì ránṣẹ́, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí ọ. Àyìnkẹ́, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ò tíì wolé, o ti ń wá ẹni tó máa bá ọ ṣẹ́ náírà sí yúrò.

Jìbìtì ni. Ṣé o ti gbàgbé fúláàtì Lugbe yẹn, tí éjẹ́ǹtì kan ṣoṣo gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀, tí wọ́n jọ kó ẹrù dé ẹnu géètì? Ti Munich yìí tiẹ̀ burú jù ú lọ, torí kò ní ṣọ́ọ̀bù tí o lè lọ jókòó sí kí o máa pariwo. Má sì fi ojú ewé pásípọ́ọ̀tù rẹ ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ lónìí lè fi orúkọ rẹ lu ẹlòmíràn ní jìbìtì lọ́la.

Mo mọ̀ pé a lè sọ èyí lórí fóònù, ṣùgbọ́n "Dádì, ẹ jẹ́ n pè yín padà" ni mo máa ń gbọ́. Jókòó kà á.

Ohun tí Àǹtí rẹ tó wà ní Hamburg ń tẹnu mọ́ ni pé owó gọbọi kọ́ ni wọ́n fi ń gba ilé lọ́hùn-ún, ìwé ni. Níbí, bí o bá ti gbé owó ọdún kan tàbí méjì dání, tí o fi ti éjẹ́ǹtì àti ti lọ́yà lé e, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èmi náà onílé ni, mo mọ bí a ṣe ń ṣe é: ayálégbé tó wà nísàlẹ̀ mi yìí, mi ò bi í léèrè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ títí ó fi kó wọlé. Lọ́dọ̀ tiwọn, oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó ilé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹta nínú oṣù náà. Òfin wọn kò sì jẹ́ kó rọrùn láti lé ayálégbé jáde. Ìdí nìyẹn tí onílé fi máa ń fara balẹ̀ yan ẹni tó máa gbé e. Wọ́n lè pọ̀ tí wọ́n wá wo yàrá kan ṣoṣo, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé ló máa ń gbà á. Bí o bá sọ pé o fẹ́ san ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọ.

Nítorí náà, kó ìwé rẹ jọ láti Abuja. Lẹ́tà iṣẹ́ tó ní iye owó oṣù rẹ nínú, rísíìtì owó oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn níbi tí o wà báyìí, físà. Wọ́n á tún béèrè Schufa, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn bóyá èèyàn ń san gbèsè rẹ̀ déédéé. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè ní in, lẹ́tà iṣẹ́ ni wàá fi dípò rẹ̀. Lọ bá onílé yín ní Jahi náà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò jẹ wọ́n lówó. Bí wọ́n bá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, bá wọn tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kàn fọwọ́ sí i.

Ní ti ilé tí wàá pẹ́ nínú rẹ̀, dé ìlú ná. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ bóyá wọ́n lè bá ọ wá yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ibi ìdáná fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí o tó gbà á, bi wọ́n bóyá wọ́n á fún ọ ní ìwé kan tí ẹnu mi ò lè pè, mo kàn dà á kọ ni: Wohnungsgeberbestätigung. Òun ni onílé fi ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ òun lo wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá kó wọlé, o gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti forúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi nọ́ńbà owó orí ránṣẹ́ sí ọ nípa lẹ́tà. Bí nọ́ńbà yẹn kò bá dé ọwọ́ ilé iṣẹ́, wọ́n lè yọ owó orí tó ga jù lára owó oṣù rẹ. Kọ orúkọ rẹ sára àpótí lẹ́tà lọ́jọ́ tí o bá débẹ̀, torí orúkọ ara àpótí ni àwọn onílẹ́tà ń wò. "Ilé aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí" ò sí níbẹ̀.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ fúláàtì ni kò ní in rárá. Àǹtí rẹ ní nígbà tí àwọn ṣílẹ̀kùn ilé àwọn àkọ́kọ́, ògiri funfun báláú ni, páìpù méjì yọ orí síta níbi tó yẹ kí síǹkì wà, wáyà ń rọ̀ lókè àjà, kò sí gílóòbù kan. Ẹni tó jáde ti tú gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn ayálégbé àtijọ́ á fẹ́ ta tirẹ̀ fún ọ. Wò ó dáadáa kí o tó dúnàá dúrà. Bí o bá sì rí 2 Zimmer, má rò pé yàrá méjì àti pálọ̀ ni. Wọ́n ti ka pálọ̀ mọ́ ọn.

Kaltmiete ni owó ilé gan-an. Warmmiete ti ní owó omi àti ti ooru ilé nínú, iná mànàmáná sì sábà máa ń dá dúró. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣírò ooru tí o lò, bí o bá lò ó jù, wàá san àfikún. Mo mọ̀ ọ́, ọyẹ́ Abuja lásán, sùẹ́tà méjì lo máa ń wọ̀. Owó ìdógò kò gbọdọ̀ ju Kaltmiete oṣù mẹ́ta lọ, òfin sì gbà ọ́ láàyè láti san án ní ìgbà mẹ́ta. Éjẹ́ǹtì tí onílé bẹ̀ níṣẹ́, onílé ló ń sanwó fún un láti 2015. Lọ́jọ́ tí o bá gba kọ́kọ́rọ́, ya àwòrán gbogbo ibi tó ti họ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì máa fọwọ́ sí.

Kò pọn dandan kó jẹ́ àárín ìlú. Ṣebí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse kọ́ ló ń gbé Wuse. Dachau àti Freising ní reluwé tó ń wọ Munich, kò sì sí gósílóò Nyanya níbẹ̀. Láti aago 10 alẹ́ sí 6 òwúrọ̀, àti ní gbogbo ọjọ́ Sunday, wọn kì í fẹ́ ariwo. Bí iyán bá wù ọ́ lọ́jọ́ Sunday, ìyẹ̀fun ni kí o rò, fi odó sílẹ̀.

Fi orúkọ àdúgbò tí ilé iṣẹ́ yín wà ránṣẹ́ sí mi. Àǹtí rẹ ní ọ̀rẹ́ kan ní Munich, wọ́n ní àwọn á bá ọ lọ wo ilé èyíkéyìí tí o bá rí. Kọ̀wé sí ará Sípéènì yẹn pé ẹbí rẹ fẹ́ wá wolé lọ́jọ́ Satide. Bí kò bá gbà, dínà mọ́ nọ́ńbà rẹ̀.

Bàbá rẹ