Fáírọ́ọ̀sì tó ń pa jẹjẹrẹ: sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáká ńkọ́?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Látìgbà tí ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ jáde, àwọn ẹlẹ́ja ọjà Òlùwó kò jẹ́ kí n kọjá mọ́. "Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní jẹ ara tó kù tán?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ ò sì dáhùn rẹ̀.

Òtítọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì náà lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó dá. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó dá kì í dákẹ́: á tú interferon jáde láti kìlọ̀ fún àwọn tó wà nítòsí, á sì dá ṣíṣe purotéènì dúró kí àlejò náà má baà rí nǹkan fi bí sí i. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni ètò yìí ti bàjẹ́ lára wọn. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń ráyè pọ̀, títí sẹ́ẹ̀lì náà á fi bẹ́, tí àwọn ọmọ ogun ara á wá rí ọ̀tá tó ti ń fara pamọ́ fún wọn.

Ẹ wo T-VEC, ọ̀kan nínú irú oògùn fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2015 fún melanoma, jẹjẹrẹ awọ ara. Fáírọ́ọ̀sì herpes tó ń lé ròrò sí ètè ni wọ́n tún ṣe. Wọ́n yọ jíìnì ICP34.5 tó fi ń borí sẹ́ẹ̀lì tó dá kúrò. Inú kókó jẹjẹrẹ gan-an ni wọ́n ń gún un sí. Ibà, òtútù àti àárẹ̀ lè tẹ̀lé e.

Ohun tí ìròyìn yín fò, tó ká mi lára jù, ni pé ààyè ni fáírọ́ọ̀sì náà wà. Aláìsàn kì í dá gbé ní Èpé níbí. Ìyàwó, ọmọ, ìyá ọkọ, gbogbo wọn ló ń bá a nu egbò. Kí ẹni tó ń pààrọ̀ báńdéèjì wọ ìbọ̀wọ́, kó di èyí tó tú sínú ọ̀rá kó tó dà á nù. Aboyún àti ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti rẹlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ojú abẹ́rẹ́ náà. Wọn kì í sì í gún un fún irú wọn. Bó bá ràn mọ́ ẹnikẹ́ni, kó tètè rí dókítà, nítorí acyclovir, oògùn herpes, ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì náà.

Ẹni tó wà lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ báyìí, kó má tìtorí ìròyìn yìí dá a dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi lẹ́tà ńlá tẹ èyí, torí àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mí.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Èpé.